Igbákejì Tuntun, Ọgbẹ́ Àná

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń kọ àbá sí láti oṣù Kejìlá ọdún 2014. Kì í ṣe ìwé àṣírí. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ti yan olùdíje sípò ààrẹ tán, tí kò sì tí ì kéde ẹni tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀, n óò kọ orúkọ ẹni tí mo rò pé yóò mú, n óò kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n óò sì pa ìwé náà dé. Ojú ewé ti ọdún 2014 ní orúkọ mẹ́ta, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò kò sí níbẹ̀. Ojú ewé ti ọdún 2022 ní orúkọ méjì fún ẹgbẹ́ APC, Kashim Shettima kò sí níbẹ̀. Ní ti PDP lọ́dún kan náà, Nyesom Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, ni mo kọ, mo sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Atiku fúnra rẹ̀. Ifeanyi Okowa ni Atiku mú.

Ohun tí ó mú mi tún ìwé náà ṣí ni ikú Ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, tí ó jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé, ẹnìkan béèrè pé igbákejì mélòó ni ó mú kí ó tó wọlé. Mo ka mẹ́rin: Chuba Okadigbo ní 2003, Edwin Ume-Ezeoke ní 2007, Túndé Bákàrè ní 2011, Ọ̀ṣínbàjò ní 2015. Bí mo ti kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn báyìí ni mo rí ohun tí n kò rí láti ọjọ́ tí mo ti ń méfò. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ọmọ Ígbò tí ó ti jingíri nínú òṣèlú ni Buhari mú: Okadigbo ti jẹ́ Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà, Ume-Ezeoke sì ti jẹ́ Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ayé Shagari. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ó tẹ̀lé e, pásítọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ nípa òfin ni ó mú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Lẹ́yìn ìdìbò 2007, nígbà tí Buhari ṣì wà ní ilé ẹjọ́ tí ó ń jà fún ìbò rẹ̀, ẹgbẹ́ ANPP, tí Ume-Ezeoke gan-an ń ṣe alága rẹ̀, wọ inú ìjọba ìṣọ̀kan tí Yar'Adua gbé kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ díje bá ẹni tí ó gbá wọn wọlé lọ jẹun, ó fi Buhari sílẹ̀ sí iwájú adájọ́. Lẹ́yìn èyí, Buhari kò mú ẹni tí òṣèlú jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń padà sí àwọn ojú ewé mi àtijọ́, tí mo sì ń rí i pé ìbéèrè tí kò tọ̀nà ni mo ń bi ara mi. Mo máa ń béèrè pé ta ni yóò kó ìbò wá. Ó yẹ kí n béèrè pé irú ènìyàn wo ni ó ti dun olùdíje yìí rí, àti pé ta ni ó jìnnà sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀.

N kò sọ pé ìṣirò kò ṣe pàtàkì. Abala 142 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé olùdíje sípò ààrẹ kò tí ì di olùdíje títí yóò fi yan ẹni tí yóò bá a jókòó sípò igbákejì. Abala 134 sì ní kí ẹni tí yóò wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá wá láti Gúúsù fi máa ń wo Àríwá, tí ará Àríwá sì máa ń wo Gúúsù. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí, ẹkùn ni ó lè tọ́ka sí, kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé Àríwá Ìlà Oòrùn ni yóò ti wá, ó kù bí ogún ènìyàn tí wọ́n jọ kún ojú òṣùwọ̀n. Níbi tí a ti ń fi ogún ṣe ẹyọ kan yìí ni ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ti wọlé.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ju bí àwa ará ìta ṣe rò lọ. Mínísítà tí ààrẹ bá yàn lówùúrọ̀, ó lè lé e kúrò kí oòrùn tó wọ̀. Igbákejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò kan náà ni wọ́n jọ fi wọlé, àwọn aṣòfin nìkan ni wọ́n sì lè yọ ọ́, ọ̀nà tí wọ́n ní láti gbà kò sì kúrú. Ọbásanjọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tí ó korò. Ní 1999, ó mú Atiku Abubakar, tí àwọn ará Adamawa ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò gómìnà. Àwọn méjèèjì dà bí ètè àti eyín títí ọ̀rọ̀ ìdìbò 2003 fi dé, tí ìròyìn ìgbà náà sì kún fún bí Ààrẹ ṣe ń bẹ igbákejì rẹ̀ kí ó má bàá gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí ó di òpin ọdún 2006, tí Atiku ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn, ìjọba kéde pé ipò rẹ̀ ti ṣófo. Ilé ẹjọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di ọjọ́ tí ìjọba wọn parí ni ààrẹ àti igbákejì fi jọ wà nínú ilé kan, tí ẹnì kan kò sì kí ẹnì kejì tayọ̀tayọ̀.

Ẹ wá wo ẹni tí PDP fi tẹ̀lé Yar'Adua ní 2007 lẹ́yìn gbogbo rògbòdìyàn yẹn. Goodluck Jonathan ni, ẹni tí ó ti ṣe igbákejì gómìnà ní Bayelsa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbóhùn rẹ̀, tí ó sì di gómìnà nítorí pé wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀. Lójú tèmi, ara ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Wọ́n ń wá ẹni tí kì yóò ṣe bí Atiku, wọ́n sì rí i. Ohun tí wọn kò rò ni pé Yar'Adua yóò kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, àti pé ẹni jẹ́jẹ́ náà ni wọn yóò búra fún ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kejì ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu béèrè: bí ọ̀gá bá lọ, ṣé a lè gba ẹni yìí?

Ọgbẹ́ tí mò ń wí yìí pẹ́ ju 1999 lọ. Ní 1979, Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi, ọmọ Ígbò, kí Gúúsù lè para pọ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, ará Gúúsù sì ni wọ́n, Òkè Ọya kò sì dá wọn lóhùn. Ní 1983, Muhammadu Kura láti Bauchi ni ó mú. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kejì náà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe yí padà pátápátá. Ní ti Shagari tí ó mú Alex Ekwueme, n kò lè sọ pé ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Ayàwòrán-ilé ni Ekwueme, kì í ṣe ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ nídìí òṣèlú. Ọgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni èyí: kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá tí ogun abẹ́lé parí, ẹgbẹ́ NPN sì fi ipò kejì nawọ́ sí àwọn Ígbò. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò sọ pé bí mo bá lè yí ìtumọ̀ ọgbẹ́ padà báyìí, kò sí ohun tí àbá mi kò ní lè ṣàlàyé. Mo gbà. Ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ti rọrùn láti gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ti Tinúbú ni ó jẹ́ kí n gbàgbọ́ pé àbá náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú igbákejì tí Bọ́lá Tinúbú yóò mú, Èkó ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mẹ́jọ tí ó fi ṣe gómìnà, igbákejì mẹ́ta ni ó lò. Kofowórọlá Bucknor-Akérelé fi ipò sílẹ̀ ní òpin ọdún 2002 lẹ́yìn ìjà tí gbogbo ayé gbọ́. Fẹ́mi Pedro, tí ó fẹ́ di gómìnà, ni àwọn aṣòfin yọ nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba wọn parí ní 2007. Abíọ́dún Ògúnlẹ́yẹ, tí ó rọ́pò Pedro fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù, ni kò dá ariwo sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni 2014 dé. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà sọ ọ́ lásọtúnsọ pé Tinúbú fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé Buhari, àti pé ohun tí wọ́n fi dí i lọ́nà ni pé Mùsùlùmí méjì kò lè jọ díje. Ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2022, níbi tí ó ti sọ gbólóhùn "Èmi ló kàn" tí gbogbo wa mọ̀ títí di òní, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun fa Ọ̀ṣínbàjò kalẹ̀ fún Buhari. Kí ni Ọ̀ṣínbàjò wá ṣe? Òun náà jáde díje ní 2022. Nínú ìdìbò abẹ́nú APC tí wọ́n ṣe ní Eagle Square, Tinúbú ní ìbò 1,271, Ọ̀ṣínbàjò ní 235.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí mo jókòó ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 láti kọ orúkọ sínú ìwé mi. Síbẹ̀, Yakubu Dogara ni mo kọ ṣáájú, Boss Mustapha ni mo fi tẹ̀lé e, nítorí pé Onígbàgbọ́ láti Àríwá ni wọ́n, tí mo sì ti fi ìṣirò pa ara mi lójú dé. Àkókò náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni àjọ INEC fi òpin sí gbígba orúkọ, àwọn ẹgbẹ́ kò sì tí ì ṣe tán. APC fi Kabir Masari, ọmọ Katsina, di àyè mú. Peter Obi náà fi Dóyìn Òkúpè di tirẹ̀ mú. Òfin ìdìbò fún wọn ní àǹfààní láti pààrọ̀ orúkọ bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́, gbèdéke èyí sì jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Keje. Fún oṣù kan gbáko, ẹnu kò sinmi. Lójoojúmọ́ ni ẹnìkan ń gbé orúkọ tuntun sórí WhatsApp pé òun gbọ́ ọ láti orísun tí kì í parọ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Keje. Ẹran tí aládùúgbò wa gbé wá ṣì wà lórí iná, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, fóònù mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìdúró. Tinúbú ti lọ kí Buhari kú ọdún ní Daura, ó sì ti sọ fún àwọn oníròyìn níbẹ̀ pé Shettima ni. Mo fa ìwé mi yọ láti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo wo orúkọ méjèèjì tí mo kọ, ìyàwó mi sì nawọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi láìsọ nǹkan kan, ó kà á, ó dá a padà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Lónìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọgbẹ́ 2014 ni Tinúbú fi Shettima tọ́jú. Ohun tí wọ́n fi lé e sẹ́yìn, pé Mùsùlùmí méjì kò lè jọ lọ, òun gan-an ni ó kọ̀ láti tẹ̀ lé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àpẹẹrẹ tí ó lè gbára lé pẹ̀lú. Sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ SDP ni òun fúnra rẹ̀ ní 1993, nígbà tí Abíọ́lá àti Babagana Kingibe, Mùsùlùmí méjèèjì, gba ìbò kárí Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Ó sì rí apá kejì ìtàn náà. Àwọn gómìnà SDP ni wọ́n dúró gbágbáágbá lẹ́yìn Kingibe títí Abíọ́lá fi gbà, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Kingibe ti di mínísítà lábẹ́ Abacha, Abíọ́lá sì dá wà pẹ̀lú ìbò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì, Kingibe àti Shettima, ọmọ Borno ni wọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn gómìnà ni Abíọ́lá ti gba tirẹ̀. Tinúbú fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹni tí ó ti jáde gbangba ṣiṣẹ́ fún un kí ìdìbò abẹ́nú tó wáyé.

Ti Atiku lọ́dún yẹn ni ó yẹ kó tètè yé mi jù, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣe igbákejì tí kò tẹrí ba fún ọ̀gá. Ẹni tí ó ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí Wike lè fi ojú òun rí. Ó mú Okowa, gómìnà Delta, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Owó ọjà náà wọ́n: Wike àti àwọn gómìnà mẹ́rin mìíràn kẹ̀yìn sí i. Peter Obi, tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ní 2019, sì ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí INEC ka ìbò tán ní 2023, Tinúbú ní 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Kí ẹnikẹ́ni ro ìbò Atiku pọ̀ mọ́ ti Obi, yóò rí ohun tí ó ń dun àwọn alátakò títí di òní.

Ní Amẹ́ríkà náà, n kò rò pé ó yàtọ̀. Trump mú Mike Pence ní 2016. Nígbà tí Pence kọ̀ láti bá a yí èsì ìbò padà ní oṣù Kíní ọdún 2021, JD Vance ni ó mú nígbà tí ó tún díje ní 2024. Ẹ jẹ́ kí n padà sílé.

Ìméfò 2027 ti bẹ̀rẹ̀. Ní Gombe, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn àgbà APC ní Àríwá Ìlà Oòrùn ṣe ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn kéde pé Tinúbú ni àwọn fọwọ́ sí fún sáà kejì, kò sì dárúkọ Shettima, ọmọ ẹkùn wọn. Ìpàdé náà dàrú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí, nítorí ìwé mi, pé ṣé Tinúbú yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdáhùn mi ni pé n kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ààrẹ Nàìjíríà kan tí ó wà lórí àlééfà, tí ó sì ń wá sáà kejì, tí ó tí ì pààrọ̀ igbákejì rẹ̀ rí. Shagari àti Ekwueme ni wọ́n jọ padà ní 1983, Ọbásanjọ́ àti Atiku ní 2003, Jonathan àti Namadi Sambo ní 2015, Buhari àti Ọ̀ṣínbàjò ní 2019. Ọbásanjọ́ gan-an, tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ sí Atiku, kò lè ṣe é. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: bí ààrẹ bá ju igbákejì rẹ̀ nù nínú ìdìbò abẹ́nú, ẹni náà kò ní kúrò lórí àga. Yóò wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027, pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ àti ọ̀fíìsì rẹ̀, ààrẹ kò sì ní lè lé e. Tinúbú, tí ó ti bá Bucknor-Akérelé àti Pedro gbé ilé kan náà, mọ bí èyí ṣe ń rí lára. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ alága ẹgbẹ́. Ganduje fi ipò alága APC sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2025; ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, wọ́n fi Nentawe Yilwatda, Onígbàgbọ́ láti Plateau, rọ́pò rẹ̀. Mo lè ṣì í, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ipò igbákejì tu Onígbàgbọ́ Àríwá lójú kì í kọ́kọ́ fi ipò alága tu wọ́n lójú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti san gbèsè náà láti ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ti àwọn alátakò tí wọ́n kóra jọ sínú ẹgbẹ́ ADC ní oṣù Keje ọdún 2025 ni ó ṣòro. Àwọn ènìyàn ń sọ pé kí Atiku àti Obi tún para pọ̀ bíi ti 2019. Ó dùn létí, ìṣirò rẹ̀ sì yanjú lórí tákàdá. Ṣùgbọ́n Obi tí ó tẹ̀lé Atiku ní 2019 kò tí ì mọ iye ènìyàn tí yóò tẹ̀lé òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti ní ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà lórúkọ ara rẹ̀ kì í rọrùn láti dá padà sí ipò kejì. Atiku ní tirẹ̀, láti 1993 tí ó ti ṣe ipò kẹta nínú ìdìbò abẹ́nú SDP ní Jos ni ó ti ń lé ipò yìí. Nínú àwọn méjèèjì, n kò rí ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ kí ó gbà.

Nínú ìwé mi, mo ti kọ Shettima sí ojú ewé APC, mo sì kọ ọjọ́ sí i. Mo kọ ADC sí orí ojú ewé tí ó tẹ̀lé e, mo fi gbogbo ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí pé n kò tí ì mọ ẹni tí ó ni ọgbẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ìyàwó mi ti kà á. Ó ní kí n tọ́jú ìwé náà dáadáa, òun ṣì ń bọ̀ wá rẹ́rìn-ín.